Ẹlẹ́rìí Kékeré Ní Pálọ̀ Màmá

Jẹ́-n-rí-i ni gbogbo wa ń pè é ní ọ́fíìsì. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà lára káàdì tó máa ń fi kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo káàdì. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé. Bí o bá ní o ti jẹun, yóò wo abọ́. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin kan kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ńṣe ló bi í pé ta ló tún gbọ́ sí i. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá, ẹ̀gbọ́n jẹ́rìí, wọ́n sì fẹ́ra wọn. Ọkọ náà wà títí dòní, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àbí kí ló tún fẹ́ jẹ́?

Èmi ni mo jókòó tì í. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, mo sì yára bínú jù ú lọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe: a ń tọ́jú àwọn àpótí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àpótí jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé káfíńtà ni wá. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, kò ju búrẹ́dì kan lọ, tí àwọn èèyàn ń gbé sí ilé wọn, sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, sí yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ìwé. Àwọn tó ní ìṣirò ńlá láti ṣe, irú àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ tàbí àwọn tó ń ya àwòrán fún sinimá, yóò gé iṣẹ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn àpótí wọ̀nyí. Àpótí kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tirẹ̀, yóò sì dá èsì padà. Kò sí ẹnì kan tó ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè; bí a ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Ohun gbogbo tí àpótí bá ṣe ló ń wọ inú àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo wa jọ ní, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní bulọkuṣéènì. Ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àmì ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀ dání, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹnì kan bá yọ́ lọ yí ọ̀rọ̀ àná padà, ojú ewé òní ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ náà tóbi, àpótí kékeré kò lè gbé e. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀, a ní ẹ̀rọ àgbà kan ní ọ́fíìsì tó gbé gbogbo rẹ̀, àwọn àpótí sì ń bi í léèrè. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Iṣẹ́ ta ló kàn? Ohun tó bá ti sọ ni wọ́n ń gbà. Ẹ ò rí nǹkan. A ní a ò ní ọ̀gá, a wá lọ gbé ọ̀gá kan jókòó sínú yàrá tó ní afẹ́fẹ́ tútù. Mo ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, ta ni yóò gbọ́ tèmi?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ àgbà náà ṣàìsàn. Kò kú, ìyẹn ì bá sàn. Ńṣe ló ń tún ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sọ. Bí àpótí bá bi í pé ta ló wà, ìdáhùn àtijọ́ ló ń fún un, láìkọsẹ̀, bíi bàbá arúgbó tó ń kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú. Ó pẹ́ kí a tó fura. Nígbà tí a fura, àwọn olùdarí wa ṣèpàdé, wọ́n sọ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wá fọwọ́ sí ohun tí Jẹ́-n-rí-i ti ń bẹ̀ wọ́n fún látọjọ́ yìí: kí a fi ẹlẹ́rìí kékeré sínú àpótí kọ̀ọ̀kan.

Ètò fífúyẹ́ kan ni ẹlẹ́rìí kékeré. Kì í gbé gbogbo àkọsílẹ̀. Orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nìkan, ibi tí àmì yẹn wà, ló ń kó pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún un pé báyìí ni nǹkan ṣe rí, yóò ní kó mú ẹ̀rí wá, yóò fi ẹ̀rí náà wé orí ojú ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kò ní gbà, ì báà jẹ́ ọba ló rán an. Jẹ́-n-rí-i fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tó rí ìbejì ara rẹ̀. Òun ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Àwọn àpótí wa ti dàgbà, ikùn wọn ti kún, a ní láti dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ká pààrọ̀ káàdì tí wọ́n fi ń rántí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé, èmi ń ru àpò irinṣẹ́, òun ń ru ìbéèrè.

Ilé kan wà tí kì í dárúkọ. Ilé ìyá rẹ̀ ni.

Opó ni ìyá náà, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó bí Jẹ́-n-rí-i, ó sì bí àbíkẹ́yìn kan, ọkùnrin, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Àbíkẹ́yìn yìí náà ń ṣe iṣẹ́ àpótí. Nígbà tó ń lọ wá iṣẹ́ sí i ní ìlú òkèèrè, ó gbé àpótí tirẹ̀ dání, ó sì so iná kékeré kan mọ́ èyí tó wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀. Àpótí tirẹ̀ yóò máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i nínú àkọsílẹ̀ pé, "Mo wà." Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin, nọ́ńbà gígùn kan ni tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àpótí ìyá yóò béèrè bóyá ó ti fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, iná yóò jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí kò bá fọwọ́ sí i, iná yóò pọ́n. Ó ní kí Màmá má dààmú níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ó máa ń pè. Lọ́jọ́ kan ó pè pé òun ń kó kúrò níbi tí òun ń gbé, pé òun á fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ò dé. Fóònù ò wọlé mọ́. Wọ́n rin ìrìn àjò lọ sí ilé àtijọ́, wọ́n bá ẹlòmíràn níbẹ̀ tó ń sá aṣọ ọmọ. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ní kí wọ́n máa retí. Ìyá náà ń retí. Iná náà ò pọ́n rí.

Mo ti dé pálọ̀ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Màmá ti yí àga rẹ̀ kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó dojú rẹ̀ kọ àpótí. Ó máa ń pa iná òkè, nítorí náà àwọ̀ ewé yẹn ló ń hàn lára ògiri, lára gíláàsì tábìlì, lára fọ́tò ọmọ náà tó fi kọ́ ògiri, débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Láàárọ̀, Màmá á kí i: "Àbíkẹ́yìn, ṣé o jí ire?" Bí iṣẹ́ bá wọlé sí àpótí ní irú àkókò yẹn, fáànù inú rẹ̀ á kùn díẹ̀, á sì dákẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n kí tí kò ráyè sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀. Èmi alára, tí mo ti lanu sọ fún olùdarí pé kò mọṣẹ́, ọjọ́ kan ni mo fẹ́ kọjá láàárín Màmá àti iná yẹn, mo bá ara mi tí mò ń tẹrí ba, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Àpótí ni mò ń bẹ̀. Irun ara mi dìde nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

A ti ṣe gbogbo àdúgbò tán, ó ku ilé Màmá. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò pa ẹ̀rọ àgbà pátápátá, àpótí tí kò bá sì ní ẹlẹ́rìí nínú nígbà náà, ojú rẹ̀ á fọ́ ni. Mo wá fi Jẹ́-n-rí-i ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé àpótí Màmá kì í ṣe àpótí ni, àbí ó ti di ọmọ aládé? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi aṣọ nu irinṣẹ́ kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ àgbà yẹn ti ń parọ́ fún wa, a ò sì mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Bóyá ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti fọwọ́ sí nǹkan kẹ́yìn. Bí mo bá fi ẹlẹ́rìí sí i, tí iná yẹn bá pọ́n lójú Màmá, ṣé kì í ṣe èmi ni mo pa á?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ẹlẹ́rìí ti wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kò gbà ju kó tẹ orúkọ àpótí àbúrò rẹ̀ lọ. Kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń na ọwọ́ síta láti mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, eléyìí nìkan ni kò fẹ́ mọ̀. Mo ní kí ó jẹ́ ká jọ lọ.

Ọ̀sán la lọ. Màmá ti múra, ó wé gèlè, ó fi pàǹkẹ́rẹ́ gbọn eruku àga, bí ẹni tó ń retí àna. Jẹ́-n-rí-i kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún àpótí yìí ló ń gbà, ṣùgbọ́n láti òní lọ, yóò máa wádìí fúnra rẹ̀.

Màmá ronú sí i. "Ó dáa. Àwọ̀ ewé tó ti ń fi hàn mí látọjọ́ yìí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni?"

Ọmọ rẹ̀ tọwọ́ bọ ẹ̀yìn àpótí. Iná kú. Mo rí i tí Màmá di apá àga mú. Pálọ̀ náà kàn wá di pálọ̀ lásán, tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́ gba ọ̀dà, ó sì jọ mí lójú pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde jáde kúrò níbẹ̀. Jẹ́-n-rí-i yọ káàdì àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó dá iná padà. Iná kékeré náà tàn ní àwọ̀ yẹ́lò, nítorí ẹlẹ́rìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó orí ojú ewé jọ. Mo gbọ́ tí aládùúgbò ń fọ abọ́. Mo gbọ́ èémí Jẹ́-n-rí-i. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má pọ́n, bẹ́ẹ̀ mi ò gbàdúrà tipẹ́.

Ó tàn ní àwọ̀ ewé.

Màmá kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀, ó dúpẹ́. Ó di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó di èmi náà mọ́ra, ó ní a ò gbọ́dọ̀ lọ láìjẹ nǹkan, ó sì wọ ilé ìdáná lọ, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Mo yíjú sí Jẹ́-n-rí-i láti bá a yọ̀. Ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ̀lé e.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, òótọ́ ni. Láàárọ̀ yìí pàápàá ló fọwọ́ sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i nínú gbogbo wa?"

Kò sí ẹnì kankan. Bí àpótí ẹni bá pa ìfọwọ́sí jẹ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, nítorí náà ọjọ́ tí a bá gbé àpótí kalẹ̀ la ti ń kọ́ ọ pé kó máa fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, a ó sì gbàgbé. Àṣà gbogbo wa ni. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ ní ọsibítù tí mi ò mọ orúkọ ara mi, àpótí mi ń sọ pé mo wà. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi, ó ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù iná pupa ti ba Jẹ́-n-rí-i débi pé kò ráyè bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọ̀ ewé lè jẹ́rìí sí. Ẹlẹ́rìí ò parọ́. Ó jẹ́rìí pé àpótí kan wà níbì kan, bóyá nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa, nínú eruku, tó ń sọ pé òun wà, òun wà, òun wà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà jókòó tì í. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, ìrètí ló ní," Jẹ́-n-rí-i ní. "Ní báyìí, mo ti fún un ní ẹ̀rí."

A padà wọlé, a jẹ ohun tí Màmá gbé fún wa. Mi ò lè sọ ohun tí mo jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ òun wà, pé wọ́n ti wádìí rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wádìí rẹ̀, ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbá yàrá ọmọ náà, ó sá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sóòrùn. Jẹ́-n-rí-i bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè ní ọ́fíìsì, á dáhùn, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí ìdáhùn tó dé. Ó sọ fún mi pé bí òun bá di ojú, òun á máa gbọ́ fáànù yẹn tó ń kùn. Ó tẹ orúkọ àpótí àbúrò rẹ̀ wàyí, ó ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́: ó wà, ó wà. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún àpótí, bóyá wọ́n lè mọ ibi tó wà. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ kì í kọ ibi tí èèyàn ń gbé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi sí ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wà lára àwọn tó tẹ́wọ́ gbà á.

Màmá ló ránṣẹ́ pè wá. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ọkọ Jẹ́-n-rí-i, ọkọ jẹ́jẹ́ yẹn, pé èèyàn lè dá àpótí kan yàn kó sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i tààrà. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a fi ọ̀rọ̀ òun ránṣẹ́ sí ti ọmọ òun. Jẹ́-n-rí-i ní ìṣirò nìkan ni àpótí mọ̀, kì í ka lẹ́tà. Màmá ní bí ọmọ òun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kà á. Ó tún un sọ láìpariwo. Òótọ́ ni.

Jẹ́-n-rí-i jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó sì kọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ gẹ́lẹ́: "Àbíkẹ́yìn mi, èmi ni. Ṣé o ti jẹun?" Ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá. Fáànù kùn. Ẹlẹ́rìí kékeré gba èsì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òótọ́ ni, láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ àbíkẹ́yìn ló ti wá. Màmá kì í ka ìwé láìsí dígí, dígí rẹ̀ sì wà nínú yàrá. Ó ní kí ọmọ òun kà á fún òun. Mo wà lẹ́yìn Jẹ́-n-rí-i, mo rí ohun tó wà níbẹ̀, mo sì rí ẹnu rẹ̀ tó ń múra láti sọ nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo fẹ́ kó purọ́, kó ní ọmọ náà ti jẹun, kó ní ó ń kí wọn nílé. Ó kà á bó ṣe rí.

"Iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ parí. Kò sí àṣìṣe."

Màmá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó béèrè bóyá nǹkan kan ṣáájú rẹ̀, bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́-n-rí-i ní kò sí. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ.

"Bí ọmọ yẹn bá ń bínú, bó bá wà nínú oorun, bí ibà bá ń ṣe é, kò dá mi lóhùn rí kó má pè mí ní Màmá," ó ní.

Jẹ́-n-rí-i bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a ò tíì lè mọ̀, pé bóyá kò sí nílé nígbà tí iṣẹ́ dé, pé a lè tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́la. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó fi bò ó lẹ́nu, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ kékeré.

"Ó tó, ọmọ mi. Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Bá mi pe àbúrò bàbá yín."

Jẹ́-n-rí-i ka nọ́ńbà náà fún mi, èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí bàbá náà gbé e, tó ń kí, tó ń béèrè ara ilé, mo na fóònù náà sí Màmá. Ó jẹ́ kí bàbá náà kí i tán, ó dá a lóhùn pé ara ilé le.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ máa bọ̀ nílé. Àbíkẹ́yìn mi ti kú."